Táńkì gasoil tó dọ̀tí: ta ló bù ú là, ta ló ń sanwó ìfọ̀ rẹ̀?

Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà Cotonou sí Parakou déédéé á mọ ìran yìí. Kámíọ̀n kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ti já ewé tútù sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé ó ti kú síbẹ̀. Ọmọṣẹ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú abọ́, ohun tó sì ń kán sínú abọ́ náà kì í ṣe gasoil nìkan. Omi wà níbẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú wà níbẹ̀, nígbà mìíràn yanrìn. Dẹ́rẹ́bà á ní epo tí òun rà lánàá ló fà á. Mẹkáníìkì á ní kí wọ́n sọ táńkì kalẹ̀ kí wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbowó, ọkọ̀ á lọ. Kò ní pẹ́ títí, ọkọ̀ kan náà á tún padà wá pẹ̀lú àìsàn kan náà.

Gasoil là ń pè é níbí. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè é ní dísù. Ìdí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ ìfọ̀ táńkì rẹ̀ lójú ìwé ìròyìn ni pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti gáréèjì nìkan. Ìlú Ṣábẹ̀ wa wà lójú ọ̀nà ńlá tó ti etíkun lọ dé Malanville àti orílẹ̀-èdè Niger. Rélùwéè tó dé ìlú wa ní 1911 ti dákẹ́ tipẹ́. Nítorí náà, ohun tí à ń jẹ àti ohun tí à ń tà, iṣu, àgbàdo, kajú, òwú, sìmẹ́ńtì, orí ẹ̀rọ gasoil ni gbogbo rẹ̀ ń gùn. Ẹ fi katakata àwọn àgbẹ̀ kún un. Ẹ fi ẹ̀rọ ọlọ kún un láwọn abúlé tí iná mànàmáná kò tíì dé, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń to igbá àgbàdo sílẹ̀ látàárọ̀. Bí gasoil bá dọ̀tí, gbogbo wọn ni yóò dákẹ́, ẹni tó sì lówó lọ́wọ́ jù kọ́ ni ìyà rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ìdọ̀tí, torí oríṣiríṣi ni, ìtọ́jú wọn kò sì dọ́gba.

Omi ni àgbà wọn. Lítà omi kan wọn kìlò kan gééré. Lítà gasoil kan kò ju nǹkan bí gíráàmù 840 lọ. Omi á rì sísàlẹ̀ táńkì, ìsàlẹ̀ yẹn náà gan-an sì ni páìpù ti ń fa epo lọ sí ẹ́ńjìnnì. Omi ń wọlé láti inú bídọ̀ tí òjò rọ̀ sí àti láti inú kòtò epo ilé epo tí ìdérí rẹ̀ kò ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ó tún ń wọlé láìsí ẹnikẹ́ni tó dà á síbẹ̀. Ẹ ti rí abẹ́ ìdérí ìkòkò rí, bí omi ṣe ń sẹ̀ sí i tó sì ń kán padà sínú ọbẹ̀. Táńkì tó kún dé ìdajì náà ń làágùn bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án, oòrùn á mú irin gbóná. Lóru, pàápàá lásìkò òjò tí atẹ́gùn kún fún omi, irin á tutù, ìrì á sẹ̀ sí ògiri inú táńkì, á ṣàn lọ sísàlẹ̀. Kàn fi ọ̀pọ̀ alẹ́ kún un, omi náà á tó ohun tí ń dá ọkọ̀ dúró. Ìdí nìyẹn tí àwọn dẹ́rẹ́bà àtijọ́ fi máa ń kún táńkì nírọ̀lẹ́, tí wọn kì í dúró di àárọ̀.

Níbi tí omi àti gasoil ti pàdé, àwọn kòkòrò àìfojúrí àti ìran olu kéékèèké kan máa ń gbé níbẹ̀. Inú omi ni wọ́n ń gbé, gasoil ni wọ́n ń jẹ. A mọ̀ pé ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti gbà pé nǹkan ẹlẹ́mìí lè wà nínú epo, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Ohun yíyọ̀ dúdú bí ilá tí ẹ máa ń rí lára fíítà, ilé wọn ni. Ìgbẹ́ wọn ní kíkan nínú, ó sì ń jẹ irin táńkì. Ọkọ̀ tó ń rìn lójoojúmọ́ kì í fún wọn láyè púpọ̀. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan ni wọ́n fẹ́ràn. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní 26 Oṣù Keje 2023, tí CEDEAO sì ti ẹnu ibodè pa, kámíọ̀n tò gbọọrọ ní Malanville fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nínú òjò. Àwọn ìwé ìròyìn kọ nípa àlùbọ́sà àti ẹrù tó ń jẹrà. Ẹni tó bá mọ ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí á mọ̀ pé táńkì náà ń jẹrà pẹ̀lú wọn.

Ìkẹta ni epo tó dà pọ̀ mọ́ epo. Ẹ̀sáńsì nínú gasoil, tàbí epo àtùpà nínú gasoil. Gasoil ní ọ̀rá díẹ̀ tó ń mú kí irin inú pọ́ńpù máa yọ̀ lórí ara wọn. Ẹ̀sáńsì kò ní i, epo àtùpà kò sì ní i tó bó ṣe yẹ. Pọ́ńpù á máa ha ara rẹ̀, èérún irin á sì bá epo lọ sínú gbogbo páìpù. Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Gasoil gidi kì í gba iná láti òkèèrè àfi bó bá gbóná kọjá ìwọ̀n 55. Ẹ̀sáńsì ń tú èéfín tó lè gbaná nígbàkigbà, bí ojú ọjọ́ tutù bí kò tutù. Gasoil tí wọ́n bu ẹ̀sáńsì mọ́ ti di ẹ̀sáńsì, ẹni tó sì ń tà á nítòsí àdògán kò mọ̀.

Ti eruku, yanrìn àti irin tó dógùn-ún kò gba àlàyé púpọ̀. Inú bídọ̀ tí wọ́n fi rọ́bà àti irun ọ̀nà dí lẹ́nu ló ti ń bọ̀.

Láyé Peugeot 504 àti Mercedes 207, ẹ́ńjìnnì lè gbé díẹ̀ mì nínú ìwọ̀nyí. Ọkọ̀ òde òní kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Agbára tó fi ń ti gasoil wọ inú injecteur lè kọjá bar 1,600. Táyà ọkọ̀ kékeré kò ju bíi bar 2 àti ààbọ̀ lọ, ẹ fi wé e. Ojú ihò injecteur náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí fíítà rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ dá èérún tó tó ìdá 5 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà dúró. Irun orí ènìyàn kan nípọn ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Àwọn ọkọ̀ "venus de France" àti ti Bẹ́ljíọ̀mù tí à ń rà ní Cotonou, irú ẹ́ńjìnnì yìí ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Epo tí wọ́n ṣe wọ́n fún kọ́ là ń fún wọn mu.

Ó dáa, báwo ló ṣe yẹ kí wọ́n fọ̀ ọ́? Ibí yìí la fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí ìfọ̀kúfọ̀ ń ba ọkọ̀ jẹ́ ju ìdọ̀tí fúnra rẹ̀ lọ.

Bí ọkọ̀ bá ti ń họ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, tó ń tú èéfín funfun, tí agbára rẹ̀ ń lọ, ẹ má máa yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ léraléra. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀sáńsì ni wọ́n ṣèèṣì rọ sí i nílé epo, ẹ má tilẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́ rárá, nítorí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, bí iná bá ti wọlé báyìí ni pọ́ńpù inú táńkì á ti bẹ̀rẹ̀ sí tì í lọ síwájú. Ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó wà nínú táńkì nìkan ni ẹ máa fà jáde nígbà náà, owó rẹ̀ á sì mọ níwọ̀n.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó tú nǹkan kan, kí wọ́n bu díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táńkì sínú ìgò funfun, kí wọ́n gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán. Ìgò yìí ni dókítà. Bí omi bá wà, á là gedegbe sísàlẹ̀. Bí nǹkan dúdú bá fẹ́lẹ́ bí awọ láàárín omi àti epo, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ojú epo ṣú lásán tí kò sì là, ó lè jẹ́ pé omi ti pò mọ́ ọn ni. Òórùn ẹ̀sáńsì kò fara sin. Mẹkáníìkì tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọkọ̀ láìwo ìgò, ó ń tọ́jú àìsàn tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Omi díẹ̀ lásán kò ju pé kí wọ́n tú ìdè ìsàlẹ̀ táńkì àti ti fíítà, kí wọ́n jẹ́ kó ṣàn títí gasoil mímọ́ á fi yọ. Ṣùgbọ́n bí ohun yíyọ̀ bá ti wà níbẹ̀, ṣíṣàn kò tó. Ó lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì ń sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn pátákó irin tó ń pín inú táńkì. Táńkì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Gasoil mímọ́ ni kí wọ́n fi ṣan án, kí wọ́n mì í, kí wọ́n dà á nù, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí tí ohun tó ń jáde á fi dà bí ohun tó wọlé. Omi àti ọṣẹ tí àwọn ọmọṣẹ́ kan ń lò kò dára: omi náà la ń sá fún, ẹ sì tún lọ gbé e padà. Ẹni tó bá ti fi omi fọ táńkì onírin gbọ́dọ̀ rí i pé ó gbẹ pátápátá kí ó tó gbé e padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó ti gbin ìdógùn-ún síbẹ̀.

Asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu páìpù nínú táńkì, ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé rẹ̀. Kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ fi atẹ́gùn fẹ́ páìpù, kí wọ́n tú u ní ẹ̀gbẹ́ pọ́ńpù, kí wọ́n fẹ́ ẹ padà sí ìhà táńkì. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ síwájú ti kó gbogbo ẹ̀gbin lọ sẹ́nu pọ́ńpù. Fíítà tuntun ni kí wọ́n fi sí i. A mọ̀ pé àṣà fífi ẹ̀sáńsì fọ fíítà, ká gbọ̀n ọ́n, ká dá a padà, pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bébà ló wà nínú fíítà yẹn, bébà tí wọ́n bá sì ti fọ̀, ojú rẹ̀ ti ya. Ó kàn dà bí asẹ́ ni, kò sẹ́ nǹkan kan mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọwọ́ tẹ pọ́ńpù kékeré títí atẹ́gùn á fi jáde tán kí wọ́n tó gbìyànjú láti gbé e.

Bó bá jẹ́ kòkòrò ni, oògùn tó ń pa wọ́n wà, ìwọ̀n tó wà lára ìgò rẹ̀ ni kí wọ́n sì tẹ̀lé. Òkú wọn á ṣí kúrò lára ògiri, á dí fíítà tuntun náà. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ múra sílẹ̀ láti pààrọ̀ fíítà lẹ́ẹ̀kejì láìpẹ́, kó má rò pé mẹkáníìkì tàn án jẹ.

Nǹkan méjì ni a fẹ́ kí àwọn ọmọṣẹ́ wa fi sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ má fi ẹnu fa epo. Bí díẹ̀ bá gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn, wàrà tí wọ́n ń mu lẹ́yìn rẹ̀ kò sì wo nǹkan kan sàn. Ẹ má sì jó táńkì tó lu pọ̀ torí pé ẹ rò pé ó ti ṣófo. Táńkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí èéfín epo àti atẹ́gùn ló wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì yẹn sì ni ìbúgbàmù ń fẹ́.

Ní báyìí, ìbéèrè àkọlé wa. Níbo ni ìdọ̀tí náà ti ń wá? Ìdáhùn tó yá lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni "kpayo". Wọn kò parọ́ pátápátá, àmọ́ wọn kò sọ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kpayo gbajúmọ̀ nípa ẹ̀sáńsì. Tẹ́lẹ̀, Nàìjíríà máa ń san owó ìrànwọ́ lórí ẹ̀sáńsì, èyí sì mú kó wọ́n kéré lọ́hùn-ún nígbà náà, ó ń ṣàn wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde ní 29 Oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ náà ti dópin, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni owó ẹ̀sáńsì ti gòkè dé ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, etí ọ̀nà ilẹ̀ Benin sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n gasoil kò sí lábẹ́ owó ìrànwọ́ yẹn. Ó ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine ní Oṣù Kejì 2022, lítà gasoil kan kọjá 700 náírà ní Nàìjíríà, nígbà tí ẹ̀sáńsì kò tíì dé 200. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń ta gasoil létí ọ̀nà ní owó tó kéré ju ti ilé epo lọ, ó yẹ ká béèrè ohun tó mú un kéré. Ó lè jẹ́ pé kò san owó orí fún ìjọba. Ó lè jẹ́ pé náírà tó já lulẹ̀ láti Oṣù Kẹfà 2023 ló sọ ọ́ di ọ̀pọ́ fún ẹni tó ní sẹ́fà lọ́wọ́. Ìwọ̀nyí kì í ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n bù ú là, tàbí pé inú igbó ni wọ́n ti sè é.

Sísè nínú igbó kì í ṣe àsọdùn. Ní agbègbè Niger Delta, àwọn kan ń fa epo rọ̀bì láti inú páìpù, wọ́n ń sè é nínú dúrọ́ọ̀mù lórí iná bí ìgbà tí à ń pọn ṣọdabì. Gasoil ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀. Èéfín rẹ̀ ló sọ afẹ́fẹ́ ìlú Port Harcourt di dúdú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 22 Oṣù Kẹrin 2022, irú ibùdó bẹ́ẹ̀ kan gbaná ní Ohaji-Egbema, ní Ìpínlẹ̀ Imo, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100. Gasoil tí wọ́n sè báyìí kò ní ìwọ̀n: ẹ̀sáńsì wà nínú rẹ̀, ọ̀dà wà nínú rẹ̀, omi àti iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Bídọ̀ kì í sì í ní ìwé ìbí. Nígbà tó bá dé etí ọ̀nà, ó ti gba ọwọ́ mẹ́rin márùn-ún kọjá, ẹni tó ń tà á kò mọ̀ ju ẹni tó ń rà á lọ.

A kò fi èyí bú àwọn tó ń ta epo létí ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ opó àti ọ̀dọ́ tí kò rí iṣẹ́ mìíràn, àwọn ni iná sì máa ń kọ́kọ́ jó. Ní Sèmè-Kraké, ní 23 Oṣù Kẹsàn-án 2023, ilé ìkẹ́rù epo kan gbaná, ènìyàn tó lé ní 30 kú, ọmọdé wà nínú wọn. Àwọn abúlé kan tún wà níhà ẹnu ibodè lọ́hùn-ún tí ilé epo gidi jìnnà sí wọn débi pé bí wọ́n bá lọ ra epo níbẹ̀, epo tí wọ́n á jó lọ jó bọ̀ á ti jẹ èrè rẹ̀. Ẹni tó ń sọ fún ìyá ọlọ́lọ̀ pé kó má ra ti etí ọ̀nà, kó sọ ibi tí yóò ti rà á fún un.

Síbẹ̀ náà, ilé epo gidi kì í fìgbà gbogbo gba ènìyàn là. Ní Oṣù Kìíní àti Oṣù Kejì 2022, ọkọ̀ ń kú káàkiri Èkó àti àwọn ìlú Nàìjíríà mìíràn, táńkì àti pọ́ńpù ń bàjẹ́ lọ́pọ̀ yanturu. Ilé epo tó forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n ti ra ẹ̀sáńsì náà. NNPC jáde sọ pé methanol ló pọ̀ jù nínú epo tí ọkọ̀ ojú omi kó wá láti Bẹ́ljíọ̀mù. Ṣé wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò ni? Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní Nàìjíríà, ó yege. Ọ̀gá NNPC nígbà náà, Mele Kyari, ṣàlàyé pé ìwọ̀n methanol kò sí lára ohun tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò. Ohun tí wọn kò wá, wọn kò rí i. Ẹ̀sáńsì ni ìyẹn, kì í ṣe gasoil, àmọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá tiwa mu: ìwé àṣẹ kò fọ táńkì.

Ìdọ̀tí kan tún wà tí ìgò funfun wa kò lè fi hàn, tí ìfọ̀ kankan kò sì lè mú kúrò. Imí-ọjọ́ ni, tí àwọn òyìnbó ń pè ní soufre. Inú gasoil fúnra rẹ̀ ló wà láti ilé ìfọpo. Bó bá jó, á di èéfín kíkan tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ wa, tó sì ń ba ẹ̀rọ tó ń sẹ́ èéfín lára ọkọ̀ jẹ́. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2016, àjọ Public Eye ti ilẹ̀ Switzerland tẹ ìwádìí kan jáde lórí gasoil tí wọ́n bù láwọn ilé epo ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 8, Benin wà lára wọn. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà ju 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Èyí tó burú jù nínú ohun tí wọ́n bù, tó wá láti Mali, jẹ́ ìlọ́po 378 iye yẹn. Àwọn oníṣòwò ńlá kan ń po epo olówó pọ́ọ́kú pọ̀ fún wa nítorí pé òfin wa fàyè gbà á. Ẹ kíyè sí i: bíbùlà ni èyí náà, ó kàn jẹ́ pé wọ́n ṣe é nínú ọkọ̀ ojú omi, pẹ̀lú ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò sì pè é ní kpayo.

Ìpariwo ìwádìí yẹn so èso díẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá 2016, Benin, Togo, Ghana, Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire fẹnu kò pé àwọn á dín in kù sí 50. Ní Oṣù Kejì 2020, ní Ouagadougou, àwọn mínísítà CEDEAO fọwọ́ sí i pé láti 1 Oṣù Kìíní 2021, gasoil tó bá ju 50 lọ kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Òfin dára. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Oṣù Keje 2024 ní Nàìjíríà. Olórí àjọ NMDPRA tó ń mójú tó epo ní gasoil ilé ìfọpo Dangote ní imí-ọjọ́ tó wà láàárín 650 sí 1,200. Dangote pe àwọn aṣòfin wá sí ilé ìfọpo rẹ̀, wọ́n yẹ epo wò lójú wọn: tirẹ̀ jẹ́ 87.6, ti ilé epo méjì tí wọ́n fi wé e, tó wá láti òkèèrè, sì lé ní 1,800. Bí àwọn tó ní ilé àyẹ̀wò bá ń bá ara wọn jà lórí nọ́mbà báyìí, kí ni dẹ́rẹ́bà Ṣábẹ̀ máa fi ojú lásán mọ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Láti inú ọkọ̀ ojú omi dé inú bídọ̀, olúkúlùkù ló ń jẹ èrè tirẹ̀ lórí epo náà, tó sì ń ti ẹ̀gbin rẹ̀ sí ẹni tó kàn. Ẹni ìkẹyìn kò rí ẹni tí yóò tì í sí. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹnì kan rí 100 fàráńkì dín lórí lítà kan, ó sì ra lítà 60. Ó ti fi 6,000 pamọ́. Injecteur kan ṣoṣo, bó bá bàjẹ́, ti jẹ èrè ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, mẹ́rin ló sì wà lórí ọkọ̀ rẹ̀. Tí ẹ̀rọ ọlọ bá kú, kì í ṣe onílọ̀ nìkan ló pàdánù; àwọn obìnrin abúlé á padà sídìí odó, àwọn ọmọbìnrin á sì pẹ́ kí wọ́n tó dé iléèwé. Àwa tí à ń kọ́ àwọn olùkọ́ ń gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó lọ ṣe ìdánrawò lábúlé: ẹ̀rọ ọlọ kú, ìwé àwọn tó wá lówùúrọ̀ sì dín.

Kí la fẹ́ kí wọ́n ṣe? A kò fẹ́ kí wọ́n kàn lé àwọn olóbídọ̀ kiri. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tábìlì á ti padà síta. Ọ̀rọ̀ ilé epo kékeré tí wọ́n sọ lẹ́yìn iná Sèmè-Kraké ló lérè jù, bí wọ́n bá jẹ́ kó dé ibi tí ilé epo ńlá kò lè dé, níhà Kábuà, Ọ̀kẹ̀-Òwò àti àwọn abúlé ẹnu ibodè, kì í ṣe Cotonou nìkan. Kí wọ́n sì máa bu epo wò nílé epo gbogbo, ńlá àti kékeré, láìkéde, kí wọ́n lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ojú ilé epo bí wọ́n ṣe ń lẹ owó rẹ̀. Ọṣẹ́ kékeré kan tó ń pa àwọ̀ dà bí omi bá kàn án wà, àwọn oníkámíọ̀n epo ń fi í sí orí igi ìwọ̀n. Kò wọ́n, mairie kò sì nílò ilé àyẹ̀wò láti lò ó.

Ti ìkọ́ṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ tó ń fọ táńkì, èdè wa ni ọ̀gá fi ń kọ́ wọn. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn, sára fíítà, sínú ìwé ọkọ̀, Faransé ni tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó ti fi iléèwé sílẹ̀ ní CM1 kò ní ka ìwọ̀n oògùn náà, á fojú díwọ̀n rẹ̀. Ojú ìwé kan ṣoṣo ní èdè Nàgó tàbí Yorùbá, tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ògiri gáréèjì, tó sọ pé ká wo ìgò ká tó tú ọkọ̀, ká má fọ fíítà, ká má jó táńkì, á ṣe ju ọ̀pọ̀ ìpàdé lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwa lè kọ ọ́, bí ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì bá fẹ́ ẹ.

Gasoil tí wọ́n fi ṣan táńkì náà kò gbọdọ̀ lọ sínú kòtò. Ọ̀pọ̀ gáréèjì ló ń dà á sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, tí òjò àkọ́kọ́ sì ń gbé e lọ sínú kànga àti odò. Kí wọ́n kó o sínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí. Jẹ́ kó sinmi, èyí tó bá là lókè ṣì wúlò fún fífọ irin.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń ra epo lọ́la, ibi yòówù kí ẹ ti rà á: ẹ gba ìwé owó tí wọ́n bá ní, kí ẹ sì bu ìdajì lítà sínú ìgò funfun kí wọ́n tó rọ ìyókù. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rà á sí i lára, ẹ fi í pamọ́ sábẹ́ àga títí táńkì náà á fi jó tán. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá kú, ìgò yẹn ni ẹ ó gbé lọ bá ẹni tó tà á fún yín.